Bí mo ṣe fi ẹ̀wà àti àgbàdo bèèrè ọ̀rọ̀ òkun ní Kubwa

Ní oṣù Kejìlá 2022, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Montreal pé kí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún òkun wà lábẹ́ ààbò kó tó di 2030. Apá ibo gan-an, ta ló sì ń jẹun níbẹ̀? Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn Ìlàjẹ tó wà l'Ábújá nìyẹn, mo bá tọrọ àyè nípàdé wọn ní Kubwa.

Mi ò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí ìjọba dáàbò bo òkun. Ta ló máa sọ pé rárá? Máàpù etíkun Oǹdó ni mo tẹ́ sórí tábìlì. Mo pín ẹ̀wà, kí oníkálukú fi sí ibi tó jẹ ẹ́ lọ́kàn. Mo pín àgbàdo, kó fi sí ibi tó gbà kí wọ́n ti ìpẹja pa.

Ẹ̀wà ò pẹ́ rárá. Ayétòrò ló kó jù, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947 tí omi ti ń gbé ilé lọ. Àgbàdo ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Màmá kan tó ń ta edé di tiwọn mọ́wọ́.

"Màmá, ó ku tiyín o."

"Ibo ni kí n fi sí, ọmọ mi? Gbogbo ibi tí ẹ yà yìí la ti ń jẹun."

Nígbà tó yá, màmá to àgbàdo wọn sí etíkun, ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Kí tírọ́là má débí. Ọlọ́kọ̀ àjẹ̀ kọ́ ni mo ń lé o." Bẹ́ẹ̀, òfin ti ní kí tírọ́là, ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n lábẹ́ omi, má wọ máìlì òkun 5 àkọ́kọ́ láti etí ilẹ̀.

Mo bá ṣàlàyé tàwọn ará Australia. Ní Great Barrier Reef, ní 2004, wọ́n fi àwọ̀ pín omi lẹ́yìn tí wọ́n ti gba àbá tó lé ní 31,000 lọ́wọ́ aráàlú: gríìnì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pẹja; yẹ́lò, èèyàn lè fi ìwọ̀ pẹja, tírọ́là ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Bí mo ṣe mú bírò aláwọ̀ jáde báyìí, yẹ́lò ni gbogbo ọwọ́ ń nà sí.

Ẹ̀gbọ́n kan ní òun fara mọ́ títì fúngbà díẹ̀, bíi ti Ghánà tó ti òkun pa ní oṣù Keje 2022. Ìyàwó wọn dá wọn lóhùn kíá: "Kí la máa jẹ lóṣù náà?"

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ kẹ́yìn ni pé ọ̀pọ̀ gbà kí wọ́n ti ibi tí ẹja ń yé sí lásìkò tó ń yé, bí ìjọba bá kọ́kọ́ lé tírọ́là, tó sì wá oúnjẹ fún apẹja. Màmá ní kí n fi ìlà sábẹ́ "kọ́kọ́". Mo fi í.