Eré Ìdárayá fún Ẹni tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Ń Ru

Bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru bá rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30, ìfúnpá rẹ̀ sábà máa ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá sinmi, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, nígbà míì títí di ọjọ́ kejì. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló rọ̀, tó sì fẹ̀, tí ọkàn kò fi ní láti ti ẹ̀jẹ̀ tipátipá mọ́. Àmọ́ bí a ò bá tún un ṣe, yóò padà sí bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó sáré títí tó fi ń mí hẹlẹ ní Sátidé, tó wá jókòó láti Sọ́ńdè títí di Fúráìdé, kì í fi í rí ìyàtọ̀ lójú ẹ̀rọ. Ṣíṣe é lemọ́lemọ́ ló ń ṣiṣẹ́, ju ká fi gbogbo agbára ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láì mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ yín wà. Ẹ jìnnà sí kọfí, sìgá àti eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì lọ tọ̀. Ẹ fẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú 5, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní déédéé àyà, kí ẹnu sì dákẹ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi ìṣẹ́jú 1 sáàárín, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Bí nọ́ńbà òkè (èyí tó pọ̀ jù nínú méjì tí ẹ̀rọ ń fi hàn) bá tó 180 tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 110, ẹ má ṣe eré ìdárayá lọ́jọ́ yẹn; dókítà ni kí ẹ lọ rí. Ẹni tó ti ní àrùn ọkàn, àrùn kíndìnrín tàbí rọpárọsẹ̀ rí, àti ẹni tí àyà máa ń dùn bó bá ń gun àtẹ̀gùn, gbọ́dọ̀ gba àṣẹ dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

Ìrìn ni ìpìlẹ̀. Ibi tí à ń lọ ni ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ kan: ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ 5. Ẹ lè pín 30 yẹn sí mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta lójúmọ́. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí, kó fi ìṣẹ́jú 10 lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀, kó máa fi 5 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ rọra rìn fún ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ yára títí tí ẹ ó fi lè bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ àmọ́ tí ẹ ò ní lè kọrin. Bí orin bá ṣì ń jáde lẹ́nu, ẹ túbọ̀ tẹsẹ̀ mọ́rìn. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì péré lẹ ń sọ kí èémí tó tán, ẹ dẹwọ́.

Ẹ má dúró gbì nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ parí. Iṣan ẹsẹ̀ ti fẹ̀ nígbà yẹn, ẹran ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ló sì ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Bí ẹ bá dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ yóò jókòó sísàlẹ̀, òòyì yóò sì dé. Ó tètè ń mú ẹni tó ń lo oògùn tó ń fẹ iṣan, bíi amlodipine. Ẹ fi ìṣẹ́jú 5 sí 10 rọra rìn parí.

Ẹni tó ń lo atenolol, bisoprolol tàbí propranolol kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé aago ọwọ́ tó ń ka ìlù ọkàn. Oògùn wọ̀nyí kì í jẹ́ kí ọkàn yára bó ṣe yẹ, aago á wá máa sọ pé ẹ ò tíì ṣiṣẹ́ tó, nígbà tó sì ti rẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ sísọ àti orin kíkọ ni kí ẹ fi díwọ̀n.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni fífẹ̀yìn ti ògiri. Àkójọ ìwádìí 270 tó jáde lọ́dún 2023 nínú ìwé ìròyìn British Journal of Sports Medicine rí i pé irú eré tí a ti ń dúró sójú kan báyìí ló mú nọ́ńbà òkè wálẹ̀ jù, bíi 8, nígbà tí eré bíi ìrìn, eré sísá àti kẹ̀kẹ́ gígùn lápapọ̀ mú un wálẹ̀ ní nǹkan bíi 4 sí 5. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ gbé ẹsẹ̀ síwájú níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹ rọra yọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó. Orúnkún kò gbọdọ̀ kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 2, ẹ sinmi ìṣẹ́jú 2, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ lọ sísàlẹ̀ púpọ̀: bí itan bá ti ń gbọ̀n kí ìṣẹ́jú 1 tó pé, ẹ gòkè díẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè fún bọ́ọ̀lù rọ́bà mọ́wọ́ pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀, fún ìṣẹ́jú 2, kó sinmi 1, lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wáyé jù nìyí: èèyàn á sé èémí mọ́nú. Bí a bá sé èémí tí a sì ń tiraka, ìfúnpá á fò sókè lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa ka nọ́ńbà sókè ketekete láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó ń kà kò lè sé èémí.

Òfin kan náà ni fún gbígbé nǹkan wúwo. Ẹ mí síta bí ẹ bá ń gbé e, ẹ mí sínú bí ẹ bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èyí tí ẹ lè gbé nígbà 10 sí 15 ni kí ẹ mú, ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀, kí ẹ má sì gbé e títí tí apá ò fi gbé e mọ́.

Bí àyà bá dùn, tí ojú ṣú, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ ara kan kú tipiri, ẹ dúró, kí ẹ sì wá ìtọ́jú pàjáwìrì. Oògùn tó ń mú ni tọ̀ léraléra lè mú kí omi tán lára nínú ooru. Ẹ bi dókítà yín léèrè bí omi tí ẹ ó mu ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Ẹ má sì dá oògùn dúró fúnra yín nítorí nọ́ńbà ti dára. Bí ó bá ń lọ sílẹ̀ tí òòyì sì ń kọ́ yín, ẹ mú àkọsílẹ̀ yín lọ fún dókítà kó lè dín oògùn náà kù.

Ẹ máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀, kí ẹ tó lo oògùn, kí ẹ tó ṣe eré ìdárayá. Ó lè tó oṣù 1 sí 3 kí ìyàtọ̀ tó fara hàn. Bí àìsàn bá dá yín dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìdajì ohun tí ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi padà bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún ẹ̀jẹ̀ yín wọ̀n lọ́jọ́ náà kí ẹ tó jáde.