Bí A Ṣe Ń Hú Kùkùté Igi Kúrò Nínú Àgbàlá

Igi wó tán, iṣẹ́ kò tíì tán. Kùkùté ṣì jókòó sínú àgbàlá, ó ń dúró de ẹsẹ̀ ọmọ tó bá sáré kọjá ní àṣálẹ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó ń mi kùkùté, ara rẹ̀ ló ń mì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí: gbòǹgbò abẹ́ ilẹ̀ ló dì í mú, gbòǹgbò ni ká lọ bá.

Bí ẹ kò bá tíì gé igi náà, ẹ má gé e mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìtì rẹ̀ ṣẹ́kù ní ìwọ̀n mítà 1 sí 1.5. Òun lẹ máa dì mú nígbà tó bá kan ká máa tì í síwá sẹ́yìn. Èyí tí wọ́n gé dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ kò ní ibi téèyàn lè dì mú, ó sì máa ń gbani lágbára gan-an.

Ẹ wo irú igi tó jẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀pẹ àti àgbọn kì í hù padà tí a bá ti gé orí wọn, gbòǹgbò wọn pọ̀ ṣùgbọ́n kò nípọn. Tíìkì àti mẹ̀láínà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, wọ́n á tún rúwé. Ẹ máa já ewé náà bẹ́ ẹ bá ti rí i, nítorí ewé ló ń bọ́ gbòǹgbò. Tí kò bá rí ewé, oúnjẹ tó ti kó pa mọ́ á tán, á sì kú.

Kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀, ẹ wádìí bóyá páìpù omi tàbí wáyà iná gba ibẹ̀ kọjá. Bí kùkùté bá sún mọ́ ìpìlẹ̀ ilé, ẹ má gbẹ́ ẹ fúnra yín.

Ó wá kan gbígbẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ da omi púpọ̀ sí ìdí rẹ̀ kí ilẹ̀ rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ àti ohun tó máa dáàbò bo ojú, kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ yí i po. Bí gbòǹgbò kan bá yọjú, ẹ fọwọ́ ha erùpẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì tú abẹ́ rẹ̀ títí àlàfo á fi wà níbẹ̀. Ẹ gé e ní ojú méjì, kí ẹ yọ èyí tó wà láàárín sọnù. Ojú kan ṣoṣo kò tó, nítorí ẹnu méjèèjì á ṣì máa ti ara wọn, àáké kò sì ní ráyè dé èyí tó kàn.

Àáké àtijọ́ ni kí ẹ lò. Erùpẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ máa ń jẹ ẹnu irin. Ayùn tuntun tí mo fi ṣe é nígbà kan kò gé nǹkan kan mọ́ kí oòrùn ọjọ́ yẹn tó wọ̀.

Bí gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ bá ti tán, ẹ tì í síwá, ẹ tì í sẹ́yìn. Ìhà tó bá ti kọ̀ tí kò yẹ̀, ibẹ̀ ni gbòǹgbò kan ṣì wà. Tó bá kọ̀ níbi gbogbo, á jẹ́ pé olú gbòǹgbò ló kù nísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi okùn so ó mọ́ ọkọ̀ láti fà á. Okùn tó le tó sì já lójijì lè pa èèyàn.

Èyí tó bá tóbi ju agbára yín lọ, ẹ jẹ́ kó jẹrà. Lẹ́yìn tó bá ti gbẹ, ẹ lu ihò sí orí rẹ̀, kí ihò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, kó jìn tó 20 sí 30. Ẹ rọ ajílẹ̀ yúríà sínú rẹ̀, ẹ bomi rin ín, ẹ fi erùpẹ̀ bò ó, ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Ó lè gbà ju ọdún kan lọ, ẹ ní sùúrù fún un.

Iná àti iyọ̀ ni mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Iná máa ń rìn gba inú gbòǹgbò lábẹ́ ilẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìsí èéfín, ó sì lè yọ níbi téèyàn kò rò. Iyọ̀ ní tirẹ̀ máa ń ba ilẹ̀ jẹ́, òjò á sì wọ́ ọ lọ sí ìdí igi mìíràn.

Tí kùkùté bá ti kúrò, tí ihò tó wà níbẹ̀ wá ṣófo, erùpẹ̀ ni kí ẹ fi dí i, kì í ṣe èérún igi, nítorí bí èérún bá ń jẹrà, ó máa ń gba náítírójìn, ìyẹn oúnjẹ ewéko tó wà nínú ilẹ̀, ewé ohun tí ẹ bá gbìn síbẹ̀ á sì pọ́n. Ẹ máa kì í mọ́lẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń dà á sí i, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó ga ju ilẹ̀ yòókù lọ díẹ̀, torí òjò méjì mẹ́ta á mú kó rì.