Kó dráífà láptọ́ọ̀pù pamọ́ kẹ́ ẹ tó fọ́ọ̀mátì ẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó fọ́ọ̀mátì láptọ́ọ̀pù yín, ẹ kọ́kọ́ kó dráífà inú ẹ̀ (ìyẹn sọ́fúwià tó ń jẹ́ kí Windows lè lo Wi-Fi àtàwọn ẹ̀yà láptọ́ọ̀pù yòókù) pamọ́ o, torí ó máa ń dunni gan-an kí Windows tuntun wọlé tán kí Wi-Fi má ṣiṣẹ́, ẹ fẹ́ lọ wá dráífà ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀hún gan-an ni ò sì sí.

Kò gbówó rárá, Windows 10 àti 11 ti ní nǹkan tẹ́ ẹ máa lò nínú. Ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ká ní D ló pè é, ẹ ṣí fódà kan síbẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ọ́ ní drivers. Ẹ wá Command Prompt (ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Windows), Run as administrator ni kẹ́ ẹ fi ṣí i o, kẹ́ ẹ wá tẹ:

pnputil /export-driver * D:\drivers

Dráífà tó bá Windows fúnra ẹ̀ wá ò ní sí níbẹ̀, ìyẹn ò burú, Windows tuntun á gbé tiẹ̀ wá.

Tẹ́ ẹ bá fọ́ọ̀mátì tán, ẹ ki fláàṣì yẹn padà (ẹ wò ó dáadáa, ó lè ti di E), ẹ tún ṣí Command Prompt bíi ti àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tẹ:

pnputil /add-driver D:\drivers\*.inf /subdirs /install

Ẹ pa á kẹ́ ẹ tún un tàn, kẹ́ ẹ yẹ Device Manager (ibi tí Windows to àwọn ẹ̀yà láptọ́ọ̀pù sí) wò, èyí tẹ́ ẹ bá ṣì rí àmì yẹ́lò lára ẹ̀, dráífà tiẹ̀ ò tíì wọlé nìyẹn.