Ẹ Má Po Saline Nílé: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Ẹ̀dọ̀fóró Ọmọ Tó Ní Cystic Fibrosis

Cystic fibrosis, àìsàn àbínibí tó ń mú kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ki nínú ẹ̀dọ̀fóró, ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Òbí tó bá a pàdé ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè má rí òbí ẹgbẹ́ rẹ̀ bi léèrè, ẹni tí kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ló máa ń yá lẹ́nu jù. Ìmọ̀ràn tó burú jù ni: "Ṣebí omi iyọ̀ lásán ni? Ẹ po ó nílé."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Saline (omi iyọ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mí sínú) tí dókítà sábà máa ń kọ fún àìsàn yìí jẹ́ 7%, mílílítà 4, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Iyọ̀ inú rẹ̀ ló ń fa omi wá sójú ọ̀nà èémí, kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki lè rọ̀, kó ṣeé wú jáde. Ṣíbí ìdáná kò lè wọn ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá sì sè é, híhó á pa kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí inú iyọ̀ tẹ́ ẹ rà ní Tákíé ò ní tìtorí ìyẹn kúrò. Ike kéékèèké tí wọ́n dì pa ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ da èyí tó bá ṣẹ́kù nù. Ẹ wo ara ike náà dáadáa: 0.9%, irú èyí tó wà nínú omi dírípù, kì í ṣe 7%.

Fífi aṣọ borí sórí omi gbígbóná kò lè rọ́pò ẹ̀rọ nebulizer, èyí tó ń sọ saline di ìkùukùu tí ọmọ ń mí sínú. Inú ìkòkò ni iyọ̀ ń ṣẹ́kù sí. Ooru kì í gbé e. Ohun tí ọmọ á rí níbẹ̀ ni kí omi jó o.

Àwọn kan ń fo salbutamol, ògùn tó ń ṣí ọ̀nà èémí, kí wọ́n lè tètè parí. Omi iyọ̀ líle lè mú ọ̀nà èémí fún pọ̀, ìdí nìyẹn tí salbutamol fi máa ń ṣáájú rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ìgbà àkọ́kọ́ gan-an, ilé ìwòsàn ló yẹ kó ti wáyé, ì báà jẹ́ LAUTECH tàbí Bowen, kí wọ́n lè yẹ èémí ọmọ wò ṣáájú àti lẹ́yìn. Kó wúkọ́ kò burú. Bí àyà bá ń dún fíì-fíì, ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ pe dókítà.

Ife ẹ̀rọ náà ńkọ́? Àwọn kan á fi omi kànga ṣàn án, wọ́n á fi aṣọ ìnu-abọ́ nù ún, wọ́n á dé e ní tútù. Ibi tútù bẹ́ẹ̀ ni Pseudomonas ń fẹ́, kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ yìí jẹ́. Ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 5 bí ìwé ẹ̀rọ bá gbà á, kẹ́ ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́.

Tí saline bá tán, iṣẹ́ ò tíì parí: físíò, ìyẹn ọ̀nà mímí àti lílu àyà, ló kàn, kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni ògùn tó ń pa kòkòrò àrùn (antibiotic) tí wọ́n ń mí sínú, bí dókítà bá kọ ọ́.