Bí ẹ bá fẹ́ bá àwọn Pagan ṣọdún ní Avebury

Swindon ní England ni mò ń gbé, Avebury, abúlé tí wọ́n to òkúta ńláńlá yípo láyé àtijọ́, ò sì jìnnà sí wa. Mo máa ń bá àwọn Pagan, àwọn tó ń tẹ̀lé ẹ̀sìn àbáláyé ilẹ̀ Yúróòpù, pé níbẹ̀ lọ́jọ́ ọdún: Beltane tí wọ́n fi ń kí ìgbà ooru káàbọ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí ọ̀sán gùn jù lóṣù kẹfà, àti Samhain tí wọ́n fi ń rántí òkú níparí oṣù kẹwàá. Ọdún ìta gbangba ò gba ìwé ìpè. Ti ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ ni ẹ ò gbọdọ̀ yọjú sí bí wọn ò bá pè yín.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè irú Pagan tí wọ́n jẹ́. Wicca, ẹ̀sìn àjẹ́ òde òní tí Gerald Gardner gbé síta lẹ́yìn tí ìjọba wọ́gi lé òfin tó de iṣẹ́ àjẹ́ ní 1951, yàtọ̀ sí Druid, àwọn tó ń tọ ipa àwọn àwòrò Britain àtijọ́. Heathen tó ń bọ Odin àti Thor, òrìṣà àtijọ́ àríwá Yúróòpù, tún yàtọ̀. "Má pa ẹnikẹ́ni lára," ti Wicca nìyẹn. Ti Heathen, ẹ̀jẹ́ ni. Wọ́n á gbé ìwo ọtí yípo, ohun tí ẹ bá sì ṣèlérí nígbà tó wà lọ́wọ́ yín, wọ́n á bi yín tó bá yá. Ẹni tí kì í mutí lè gbé e sókè, kó ta díẹ̀ sílẹ̀, kó gbé e fún ẹni tó kàn.

Nínú agbo, ìyẹn òbírí mímọ́ tí a máa ń dúró sí láti bọ, ẹ pa fóònù. Bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ni kí ẹ máa yí. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín, ẹ sọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ yín kí wọ́n ṣe bí ẹni ṣílẹ̀kùn agbo fún yín; ẹ má kàn bọ́ síta. Ọ̀bẹ tó wà lórí pẹpẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ṣé ẹ máa gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo wò láìtọrọ àyè? Orúkọ lásán ni wọ́n ń pe ìyá tó ń darí wa. Ẹnu mi ò gbà á, "Auntie" ni mò ń pè wọ́n, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò le. Tíṣà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, tí ará ibi iṣẹ́ wọn ò mọ nǹkan kan. Mo mọ obìnrin kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ àtijọ́ ń du ọmọ ní kóòtù; fọ́tò kan ṣoṣo lórí Facebook ni lọ́yà ọkọ ń wá. Bí ẹ bá pàdé irú wọn ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kí wọn, kó parí síbẹ̀.

Oúnjẹ: púpọ̀ wọn ò jẹ ẹran, ẹyin, tàbí wàrà. Púfúpúfù ni mò ń gbé lọ, màá kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ìdérí: fúláwà, ṣúgà, yíìsì, òróró. Kì í pẹ́ tán.

West Kennet Long Barrow, ibojì tó ti lé ní 5,000 ọdún, wà nítòsí. Àwọn kan ń tan àbẹ́là sínú rẹ̀. Ooru àti ìda ń ba òkúta jẹ́. Dípò àbẹ́là, omi tútù ni kí ẹ ta sílẹ̀.

Ibi tí àwa Yorùbá ti ń ṣìwà hù gan-an ló kù yìí. Púpọ̀ nínú wọn ti kà nípa Ọ̀ṣun àti Èṣù. Bí wọ́n bá gbọ́ pé Ifáyẹmí lorúkọ yín, wọ́n ti sọ yín di babaláwo nìyẹn. "Ṣé ẹ máa dáfá fún mi? Èló ni?" Owó náà á wu èèyàn. Ẹ má gbà á. Ẹni tí kò tẹfá kò lẹ́nu àtidáfá fún ẹnikẹ́ni. Bàbá mi lawo, èmi kọ́. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, tí màá sì júwe ẹni tó tẹfá fún wọn. Mo rí gẹ́ńdé kan tó ra owó ẹyọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó fi ń gbowó lọ́wọ́ àwọn arúgbó obìnrin, tó ń pe ara rẹ̀ ní Chief. Wọn ò fura. Èmi lojú tì. Àmọ́ oríkì Ọ̀ṣun tí màmá yín ń kì ní gbangba, bí wọ́n bá bèèrè, ẹ kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Onígbàgbọ́ tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó fi ìwé ìléwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sílé.

Bàtà rọ́bà sì ni kí ẹ wọ̀. Àgùntàn ń jẹko láàárín òkúta Avebury, ìgbẹ́ wọn ò mọ aṣọ ọdún.