Ayálégbé lọ, kọ́kọ́rọ́ kò bọ̀: iṣẹ́ kan tí mo ṣe ní Ìbàrà

Àgboòrùn kan, bẹ́ǹṣì kan àti àpótí irinṣẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi ní Sápọ́n, Abẹ́òkúta. Àwọn tó ń lọ ra àdìrẹ ní Ìtòkù máa ń dúró kí n bá wọn gé kọ́kọ́rọ́ àgádágodo. Owó oúnjẹ nìyẹn. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, inú iṣẹ́ tí wọ́n bá pè mí sílé ló ti ń jáde.

Ìyá kan ló pè mí láti Ìbàrà. Ayálégbé tó wà ní ilé ẹ̀yìn ti kó jáde. Nínú kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta tó gbà, ẹyọ kan ló dá padà. Mama ní kí n wá yọ lọ́ọ̀kù náà dànù, kí n ra tuntun sí i. "Má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ o, ọmọ mi, ẹlòmíì ti fẹ́ kó wọlé."

Kí n tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, mo gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni ín. Inú bí Mama díẹ̀ nígbà tí mo bèèrè. Ó wọlé lọ mú ìwé iná tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ jáde. Mo gbà á, ṣùgbọ́n ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù ni obìnrin ilé kejì tó ń kọjá, tó kúnlẹ̀, tó ní "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mama láńlédì." Èèyàn lè yá ìwé lò. Bákan náà, ẹni tó bá gbé ọṣẹ tí wọ́n tẹ kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíì mọ́ wá bá mi pé kí n gé irú rẹ̀, iye yòówù kó fẹ́ san, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Mo wá wo lọ́ọ̀kù náà. Sílíńdà rẹ̀, ìyẹn ibi tí à ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀, idẹ ni, ó wúwo, ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n kọ́lé. Mo fi fáìlì ha ìdí rẹ̀ díẹ̀, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ dé inú. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà báyìí, wúrà ni lójú. Tí o bá ha á, irin funfun tó fúyẹ́ ló máa yọjú. Mo sọ fún Mama pé ká má ra nǹkan kan, inú rẹ̀ nìkan ni kí n pààrọ̀. Ó wò mí. "Ṣé kì í ṣe àlòkù lo fẹ́ lò fún mi?" Mo ní, "Mama, àlòkù yín náà ni."

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro. Nínú ihò kọ́kọ́rọ́, píìnì kéékèèké tò ní méjì-méjì, ọ̀kan lórí èkejì, sípíríǹgì sì ń tẹ̀ wọ́n sísàlẹ̀. Eyín kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé wọn sókè. Bí ibi tí méjèèjì ti pàdé bá ṣe déédéé pẹ̀lú etí ọ̀pá tó ń bá kọ́kọ́rọ́ yí, ilẹ̀kùn á ṣí. Linus Yale kékeré, ará Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ fún irú rẹ̀ tó ń lo kọ́kọ́rọ́ pẹlẹbẹ ní 1865, ìlànà yẹn náà la ṣì ń lò. Tí mo bá ti yí gígùn àwọn píìnì ìsàlẹ̀ padà, kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ayálégbé di irin lásán.

Mo tú sukúrù gígùn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo ki kọ́kọ́rọ́ tó dá padà bọ̀ ọ́, mo yí i díẹ̀ kí ahọ́n sílíńdà lè wọnú, mo fà á jáde. Ká ní ayálégbé kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ ni, wàhálà mi ì bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, torí sípíríǹgì tó bá fò bọ́ sílẹ̀, ó di àwátì. Mo yọ òrùka irin tó di ọ̀pá náà mú, mo sì fi igi róbótó tó sanra bíi rẹ̀ tì í jáde. Igi yẹn ni kì í jẹ́ kí àwọn píìnì òkè tú jáde. Níbí ni ọmọṣẹ́ ti máa ń sunkún.

Mo de kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta tí kò tíì ní eyín pọ̀ nínú fáìsì kékeré mi, mo fi fáìlì gé wọn lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n lè bára mu. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, tí lítà bẹntiróò kan fò láti abẹ́ 200 náírà kọjá 450, ni mo ti dín lílo ẹ̀rọ ìgé-kọ́kọ́rọ́ tó ń lo iná jẹnẹrétọ̀ kù. Ọwọ́ mi sì mọ̀ ọ́n báyìí. Mo ki ọ̀kan nínú wọn bọ inú ọ̀pá, mo fi ẹ̀mú ṣa píìnì sínú ihò kọ̀ọ̀kan títí orí wọn fi dọ́gba pẹ̀lú ara ọ̀pá. Mo fi ìka pa á: kò gbọ́dọ̀ ta mí lọ́wọ́, kò gbọ́dọ̀ jin. Mo ṣe ojú kejì bákan náà.

Nígbà tí mo dá a padà sára ilẹ̀kùn, mo gbé kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ fún Mama pé kó fúnra rẹ̀ dán an wò. Ó yí i, yí i, kò gbà. Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i kó lè máa yọ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Eruku pupa Abẹ́òkúta máa lẹ̀ mọ́ ọn, á sì dípọ̀ sínú. Inú pẹ́ńsùlù ni mo lọ̀ kúnná, tí mo fẹ́ sínú ihò rẹ̀.

A ti dúnàá dúrà kí n tó tú sukúrù kankan, síbẹ̀ ó ní owó náà pọ̀ fún iṣẹ́ tí kò tó wákàtí kan. Mo ní kó fi wé owó lọ́ọ̀kù tuntun àti ti káfíńtà tó máa gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó san án, ó wá fi àgádágodo géètì hàn mí pé kí n fi ṣe èènì. Ìpẹtà ti jẹ apá rẹ̀ dé àárín. Mo ní kó lọ ra òmíràn ní Kútọ̀, kó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ha ìdí rẹ̀ kó tó sanwó.