Kí Ẹ Tó Ra Ẹja Tó Ń Gbé Ìsàlẹ̀ Táńkì

Ẹ má tíì wo ẹwà ẹja o. Ilẹ̀ tó máa sùn sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Corydoras (ẹja kékeré onírùngbọ̀n tí wọ́n ń sìn fún ẹwà) mẹ́fà tí mo kọ́kọ́ rà ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Inú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ n'Íbàdàn ni táńkì mi wà, ó ń gba omi bíi lítà 60. Òkúta gíránáìtì wẹ́wẹ́ tó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ni mo dà sísàlẹ̀ rẹ̀. Ó wu ojú. Oṣù méjì ò tíì pé tí irùngbọ̀n gbogbo wọn fi jẹ tán, bí ìgbà tí èèyàn fi bíléèdì fá a. Irùngbọ̀n yẹn sì rèé, òun ni wọ́n fi ń tú ilẹ̀ wá oúnjẹ.

Yanrìn odò ni mo ń lò báyìí. Mo máa ń sẹ́ ẹ, mo máa ń fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Ẹ bù díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Tó bá ta yín lára, ẹ dà á nù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bí omi yín ṣe ń gbóná tó. Lóṣù kẹta ọdún, tẹmómítà táńkì mi máa ń tó 29 lórí ìwọ̀n Celsius. Oríṣi corydoras tí wọ́n ń pè ní paleatus, tí wọ́n ń tà káàkiri, ò lè gbádùn ìyẹn láé, omi tútù ìhà Argentina àti Uruguay ló mọ̀. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní sterbai ni mo rà ní tèmi. Ara rẹ̀ gba ìwọ̀n 28 dáadáa; tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, mo máa ń fi páǹpù afẹ́fẹ́ kún un. Tí táńkì yín bá kéré, corydoras míì wà tó ń jẹ́ pygmaeus, kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, àmọ́ àárín ewé ló ti sábà máa ń lúwẹ̀ẹ́. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ ra mẹ́fà irú kan náà. Méjì tibí, méjì tọ̀hún kì í ṣe ẹgbẹ́.

Ẹja ìsàlẹ̀ míì ni kuhli. Ó fẹ́ràn ooru, ṣùgbọ́n ó jọ ejò. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi pariwo lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i. Ẹ dí gbogbo ihò ìdérí pa: abẹ́ pẹ́dà máṣíìnì ni mo ti bá ọ̀kan, ó ti gbẹ.

Ẹja kribensis wá ńkọ́? Ọmọ ilẹ̀ wa ni, inú odò ìhà gúúsù Nàìjíríà ló ti wá. Ikùn abo rẹ̀ máa ń pọ́n bí osùn tó bá fẹ́ yé ẹyin. Ẹ da èèpo àgbọn bolẹ̀ fún un, á fi ṣelé. Àmọ́ ó máa ń walẹ̀, ewéko tí ẹ bá gbìn sínú yanrìn á hú. Anubias, ewéko omi tí wọ́n ń so mọ́ igi, ni kí ẹ lò. Òwú dúdú tí mo fi ń ránṣọ ni mo fi so tèmi mọ́ igi, torí tí ẹ bá bo ìdí rẹ̀ mọ́ yanrìn, á rà. Tí kribensis bá sì ti lọ́mọ, kò ní jẹ́ kí corydoras rímú mí. Nínú àwọn méjèèjì, ọ̀kan ni kí ẹ mú.

Pleco tí wọ́n sábà máa ń tà, ẹja ìsàlẹ̀ lòun náà: èyí tó tó ìka lónìí á ju rúlà lọ lọ́la. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi ọmọ àrọ̀ kún un, ọbẹ̀ ló ń rò.

Níbi tí ẹ ti ń rà á, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo irùngbọ̀n àti ikùn. Èyí tí ikùn rẹ̀ bá wọnú, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ju oúnjẹ sí i lójú yín. Tí corydoras bá sáré gòkè, tó gbé afẹ́fẹ́ mì lẹ́ẹ̀kan tó sì padà, ẹ má jáyà, ìfun rẹ̀ ló fi ń lò ó. Tí gbogbo wọn bá ń ṣe é léraléra, omi ni kí ẹ pààrọ̀.

Wọ́n á sọ fún yín pé ìdọ̀tí ni ẹja ìsàlẹ̀ ń jẹ. Irọ́ ni. Tí mo bá ti da aṣọ bo máṣíìnì tí mo sì pa iná táńkì, ìgbà yẹn ni mo ń ju oúnjẹ oníhóró tó máa ń rì sí i, torí àwọn ẹja òkè ò ní rí i kó mọ́. Mo máa ń dúró díẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù: gbogbo wọn á kórí jọ, eruku yanrìn á máa sọ.